Àkókò Ta Ni Yunifásítì Ń Ná?

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ yunifásítì pé kí ni wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, ìwé ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ: iye ìwádìí tí ó ti tẹ̀ jáde, àwọn jọ́nà tí ó ti gbà wọ́n, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti tọ́ sọ́nà títí wọ́n fi di ọ̀mọ̀wé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ìwọ̀nyí ń jẹ, àkókò ni. Ìwádìí kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń gbé tí a ń sọ̀ láàárín ìpàdé méjì. Ó ń fẹ́ wákàtí gígùn tí ẹnikẹ́ni kò ní kanlẹ̀kùn, tí ọkàn yóò wà níbi tí ojú wà. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, ó kéré tán ọdún mẹ́ta ni olùkọ́ máa ń lò ní ipò kan kí ó tó lè béèrè fún èyí tí ó kàn, láti Lecturer II sí Lecturer I, sí Senior Lecturer, sí Reader, títí dé ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọdún náà kì í gbé ẹnikẹ́ni ga fúnra rẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá tó nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, ibi tí ó wà náà ni yóò wà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá parí oyè ọ̀mọ̀wé sábà máa ń súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún tàbí kí ó ti kọjá rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọdún tí a fi ń gun àkàbà ìgbéga àti ọdún tí a fi ń bímọ bọ́ sórí ara wọn pátápátá. Kò sí ẹni tí ó jókòó pète rẹ̀ láti fi ṣe obìnrin níkà. Àwọn tí wọ́n kan àkàbà náà kàn rò pé gbogbo ẹni tí yóò gùn ún ló ní ìyàwó nílé ni.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin ní yunifásítì àti ọ̀rọ̀ bí iṣẹ́ kò ṣe ní pa ilé run kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ bí àkókò ṣe ń pín ni àwọn méjèèjì. Yunifásítì tí kò bá ka àkókò tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ó ti wù kí àánú rẹ̀ pọ̀ tó, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti ní àkókò tẹ́lẹ̀ ni àánú náà yóò máa ṣàn lọ. Mary Ann Mason àti Marc Goulden, olùwádìí ní Yunifásítì California ní Berkeley, fi ìyàtọ̀ náà hàn ní ọdún 2002 nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n fi ìbéèrè ṣe àkọlé rẹ̀: ṣé ọmọ ọwọ́ ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́? Wọ́n tọpasẹ̀ àwọn tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé ọkùnrin tí ó bímọ láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn oyè náà fi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ní àǹfààní láti rí ipò tí kò ṣeé yẹ̀ mọ́ ju obìnrin tí ó bímọ ní irú àkókò kan náà lọ. Ọmọ kan náà ni, bí ó bá jẹ́ tọkọtaya olùkọ́ ni wọ́n. Ìyá nìkan ni ó san gbèsè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni ó ń mú irú nǹkan báyìí hàn síta, ibi tí wọ́n sì ti fi ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́ ni Massachusetts Institute of Technology, MIT. Nancy Hopkins, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí tí ó ti di àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní zebrafish, ó sì béèrè fún àfikún àyè tí kò ju nǹkan bí igba ẹsẹ̀ bàtà ojú ilẹ̀ lọ, níbi tí yóò to àwọn àgbá ẹja náà sí. Wọn kò fún un. Wọ́n ní àyè rẹ̀ kò kéré sí ti ẹlòmíràn. Hopkins mú téèpù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àwọn yàrá ìwádìí tí ó wà nínú ilé náà lálẹ́, ó sì rí i pé àwọn ọkùnrin tí ipò wọn kò tó tirẹ̀ pàápàá ní àyè jù ú lọ. Ní ọdún 1994, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ. Nígbà tí wọ́n ka ara wọn, obìnrin tí wọ́n ti fìdí wọn múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo Ẹ̀ka Sáyẹ́ǹsì kò ju 15 lọ, àwọn ọkùnrin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200. Wọ́n kọ̀wé sí Robert Birgeneau, olórí Ẹ̀ka náà. Ó gbọ́ wọn, ó yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ náà sì lọ wo owó oṣù, àyè ìwádìí, owó tí yunifásítì ń fi ti ìwádìí lẹ́yìn, ẹ̀bùn ìdánilọ́lá, àti irú ìgbìmọ̀ tí ó lágbára tí wọ́n ń fi obìnrin sí tàbí tí wọn kò fi wọ́n sí. Ní oṣù kẹta ọdún 1999 ni ìjábọ̀ náà jáde ní gbangba. Charles Vest, ààrẹ MIT nígbà náà, kò jiyàn. Ó kọ ọ́ síwájú ìjábọ̀ náà pé òun ti máa ń rò pé apá kan ẹ̀sùn yìí jẹ́ òótọ́, apá kan sì jẹ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lójú àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n òun ti wá mọ̀ pé apá tí ó jẹ́ òótọ́ ni ó pọ̀ jù. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ kan kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì fọwọ́ sí i.

Èyí tí ó yẹ kí ó kó ìrònú bá wa jù nínú ìjábọ̀ náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ owó. Nígbà tí ìgbìmọ̀ bá àwọn obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ sọ̀rọ̀, púpọ̀ nínú wọn ní kò sí ẹni tí ó ń fìyà jẹ wọ́n. Ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù ni bí wọn yóò ṣe so ọmọ pọ̀ mọ́ iṣẹ́. Àwọn àgbà obìnrin ní bẹ́ẹ̀ ni ó rí lójú àwọn náà nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ipò wọn ṣe ń ga, tí ó fi jẹ́ pé ìran kọ̀ọ̀kan ló ń rò pé àwọn tí ó ṣáájú òun ti parí ìjà náà. Ìgbìmọ̀ náà wo ẹ̀yìn, wọ́n sì rí i pé ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún tí obìnrin jẹ́ nínú àwọn olùkọ́ Ẹ̀ka Sáyẹ́ǹsì kò tíì yí padà fún ọdún mẹ́wàá ó kéré tán. Èyí ni ó yẹ kí a rántí nígbàkígbà tí ẹnìkan bá ní kí a ní sùúrù, pé àwọn ọmọbìnrin ti pọ̀ ní kíláàsì, pé àkókò yóò tún un ṣe. Nàìjíríà náà ní ìtàn tirẹ̀ lórí sùúrù. Grace Alele-Williams di gíwá Yunifásítì Benin ní ọdún 1985, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ gíwá ní orílẹ̀-èdè yìí. Jadesola Akande jẹ gíwá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ní 1989. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn nígbà náà pé ọ̀nà ti là. Yunifásítì ìlú Èkó, UNILAG, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, kò ní obìnrin tí wọ́n yàn sí ipò gíwá lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ títí di 2022, nígbà tí Folasade Ogunsola gorí àga náà. Ọgọ́ta ọdún gbáko.

Bí a bá ti wá gbà pé ìṣòro wà, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni ìsinmi, ibí gan-an sì ni àánú tí a kò wọ̀n ti máa ń ṣìnà. Olùkọ́ tuntun ní Amẹ́ríkà kò ní ààyè láti dúró lójú kan bí tiwa. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà tàbí méje ni wọ́n ń fún un. Bí ó bá pé, wọ́n á fìdí rẹ̀ múlẹ̀ títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, tàbí kí wọ́n ní kí ó wá ibòmíràn lọ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ṣe ṣòfin pé bí ọmọ bá dé, wọn yóò fi ọdún kan kún ọdún tí òbí ní. Kí ẹnikẹ́ni má bàa pè é ní ojúsàájú, bàbá àti ìyá ni wọ́n jọ fún. Èrò rere ni, ó sì dọ́gba lójú ìwé. Heather Antecol, Kelly Bedard àti Jenna Stearns, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́ta, lọ wo ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ní àwọn ẹ̀ka ètò ọrọ̀ ajé tí òkìkí wọn kàn jù, wọ́n sì tẹ àbọ̀ wọn jáde nínú American Economic Review ní ọdún 2018. Níbi tí wọ́n ti fi ọdún kan kún un fún tọkùnrin tobìnrin, ọkùnrin tí ó ń rí ìfìdímúlẹ̀ níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ pọ̀ sí i gidigidi, obìnrin sì dín kù. Àwọn ọkùnrin lo ọdún náà láti tẹ ìwé sí i jáde nínú àwọn jọ́nà tí ó lórúkọ jù. Àwọn obìnrin kò rí èyí ṣe. Kò sì yani lẹ́nu. Ẹni tí ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò lẹ́yìn ìrọbí, tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, tí kò sùn lóru, kò gba ọdún kan; wọ́n kàn dá ọdún kan tí ó ti sọnù padà fún un ni. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe gbogbo ìyẹn gba ọdún kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí wọn yóò wá fi díwọ̀n gbogbo wọn ga sí i, nítorí pé ìwé àwọn ọkùnrin ti pọ̀ sí i. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ó sì yẹ kí àwọn yunifásítì wa tí wọ́n ń kọ ìwé ìlànà lórí ẹ̀tọ́ akọ àti abo ka ìwádìí yìí kí wọ́n tó fi òǹtẹ̀ lu tiwọn.

Àwọn kan lè fi èyí gbè é lẹ́sẹ̀ pé kí a má fún bàbá ní ìsinmi rárá nígbà náà. Mi ò gbà. Bí ìsinmi bá jẹ́ ti ìyá nìkan, ohun tí a kọ sílẹ̀ ni pé ìyá nìkan ló ni ọmọ, olórí ẹ̀ka yóò sì máa wo gbogbo ọmọbìnrin tí ó wá wáṣẹ́ bí ẹni tí yóò fi àga sílẹ̀ láìpẹ́. Ohun tí ó yẹ ni kí a ya ìsinmi tí a fi ń tọ́mọ sọ́tọ̀ kúrò lára àfikún ọdún tí a fi ń kọ̀wé. Ti àkọ́kọ́ tọ́ sí bàbá àti ìyá, kí ó sì jẹ́ ìsinmi ní ti gidi. Èkejì tọ́ sí ẹni tí ó bá lè sọ, tí ó sì fọwọ́ sí i, pé òun ni ìtọ́jú ọmọ náà wà lọ́rùn rẹ̀ jù, ìbáà ṣe ọkùnrin tí aya rẹ̀ kú tàbí tí aya rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Òfin Nàìjíríà ti ń sún díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọ̀nà yìí. Òfin iṣẹ́ àtijọ́ fún ìyá ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 12. Ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ 16 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ní ìparí 2022 sì ni wọ́n kéde ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún bàbá ọmọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ti kéde oṣù mẹ́fà fún ìyá láti 2014. Ó dára. Àmọ́ ẹni tí ó bá mọ bí ẹ̀ka yunifásítì ṣe ń rìn mọ̀ pé ìwé ìsinmi kì í kọ́ kíláàsì. Bí kò bá sí ẹni tí wọ́n sanwó fún láti gba kọ́ọ̀sì náà dání, kọ́ọ̀sì ń dúró de obìnrin náà ni, tàbí kí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbà á pẹ̀lú ìkùnsínú. Yóò dé bá ìwé ìdánwò tí wọn kò tíì máàkì àti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rẹ́ni bójú tó iṣẹ́ àkànṣe rẹ̀. Kí a tún wo ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá 2022 lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ṣe ni wọ́n ń sáré lé kàlẹ́ńdà bá, ìdánwò ń gun ìdánwò lẹ́yìn. Ẹni tí ó ní ọmọ ọwọ́ nílé ni irú eré bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ já sílẹ̀.

Àkókò tí ìgbìmọ̀ ń jẹ tún burú ju ti ìsinmi lọ, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í rí i. Iṣẹ́ kan wà ní yunifásítì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ di ṣíṣe, ṣùgbọ́n tí kì í gbé ẹnikẹ́ni dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n: kíkọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, ṣíṣètò ayẹyẹ, gbígbọ́ ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkàn rẹ̀ dàrú. Linda Babcock, Maria Recalde, Lise Vesterlund àti Laurie Weingart ṣe ìwádìí lórí irú iṣẹ́ báyìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2017. Ní yunifásítì ńlá kan, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta pé ta ni yóò yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ sẹ́nétì, ìdá 2.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọkùnrin ni ó yọ̀ǹda ara wọn, ti obìnrin sì jẹ́ ìdá méje. Ẹnìkan lè sọ pé obìnrin fẹ́ràn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn olùwádìí náà ti ro ìyẹn. Wọ́n kó àwọn ènìyàn jọ sínú yàrá, wọ́n sì gbé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò ṣe gbogbo wọn láǹfààní ṣùgbọ́n tí yóò pa ẹni tí ó bá ṣe é lára díẹ̀. Níbi tí ọkùnrin àti obìnrin ti jọ wà, obìnrin ni ó ń gbà á jù. Níbi tí obìnrin nìkan wà, tàbí ọkùnrin nìkan, ìyàtọ̀ náà pòórá. Àwọn ọkùnrin mọ bí a ti ń yọ̀ǹda ara ẹni dáadáa nígbà tí kò bá sí obìnrin nítòsí. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń retí ni ó ń pín iṣẹ́ náà. Ní yunifásítì wa, a mọ ẹni tí wọ́n máa ń fi sí ìgbìmọ̀ ìgbàlejò bí àpérò bá ń bọ̀, tí yóò máa ṣírò iye àwo ìrẹsì àti omi inú ọ̀rá nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tún ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kà níbẹ̀ ṣe.

MIT kò bọ́ lọ́wọ́ èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbìyànjú ju ọ̀pọ̀ lọ. Ìjábọ̀ kejì tí wọ́n ṣe ní 2011 fi hàn pé iye obìnrin nínú àwọn olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì àti Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, pé ibi ìtọ́jú ọmọ wà nínú ọgbà, pé òbí ń rí ìsinmi gbà. Ṣùgbọ́n nítorí tí wọ́n ti fi ṣe àṣà pé obìnrin gbọ́dọ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí obìnrin kò sì pọ̀, àwọn díẹ̀ náà ni wọ́n ń há mọ́ gbogbo ìgbìmọ̀, ibẹ̀ sì ni àkókò ìwádìí wọn ń lọ. Ètò tí wọ́n ṣe láti gbè wọ́n ni ó ń jẹ wọ́n. Wọ́n tún ń pè wọ́n síwájú akẹ́kọ̀ọ́ lemọ́lemọ́ pé kí wọ́n wá ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe ń so ilé pọ̀ mọ́ iṣẹ́; wọn kì í pe àwọn bàbá.

Láàárín wa, àtakò tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé ìṣòro òyìnbó ni gbogbo èyí. A ní ìyá àgbà tí yóò wá wẹ ọmọ, a ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, a ní ọmọ ọ̀dọ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ìrànlọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí sì ti gbé ọ̀pọ̀ obìnrin dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà òde òní náà ń ṣòwò tàbí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ó lè wá fún ogójì ọjọ́ kí ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni pé ìrànlọ́wọ́ náà kò dín iṣẹ́ obìnrin kù. Ọwọ́ obìnrin kan ni ó ti bọ́ sí ọwọ́ obìnrin mìíràn tí owó rẹ̀ kéré jù. Kí a má sì gbàgbé pé ilé wa ń gba àkókò ju ti wọn lọ. Níbi tí iná kò dúró, tí omi kò wá, aṣọ fífọ̀ àti oúnjẹ ọmọ ń jẹ wákàtí tí ẹ̀rọ ń ṣe fún ẹlòmíràn.

Àtakò kejì le jù, ó sì yẹ ká fún un lésì tó yẹ ẹ́: pé òye kò mọ akọ kò mọ abo, pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ àti ìgbìmọ̀, ìwọ̀n ìmọ̀ yóò wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó kọ̀wé sí Birgeneau. Mọ́kànlá nínú wọn ni ó wọ National Academy of Sciences, mẹ́rin sì gba National Medal of Science, ẹ̀bùn sáyẹ́ǹsì tí ó ga jù tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fúnni. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń fún ní àyè tí ó kéré. Ó hàn nígbà náà pé ìwọ̀n tí wọ́n ń sọ pé kí a má bàjẹ́ ti wọ́ tẹ́lẹ̀. Ìjábọ̀ 2011 tún rí i nínú lẹ́tà tí wọ́n fi ń jẹ́rìí fún olùkọ́: bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ, bí ó bá jẹ́ obìnrin, ìwà rẹ̀. Ní Nàìjíríà níbi tí àwọn olùdánwò láti ìta ti ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kí ènìyàn tó di ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sí ìdí tí a fi lè rò pé tiwa yàtọ̀. Mi ò sì sọ pé kí a fún ẹnikẹ́ni ní ipò tí kò ṣiṣẹ́ fún. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a pín iye ìwé fún iye oṣù tí ènìyàn ní láti fi kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí a kò ṣe ní fi ìkórè oṣù mẹ́rin wé ti ọdún kan kí a sì pe àgbẹ̀ kan ní ọ̀lẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, èyí tí àwọn aláṣẹ fẹ́ràn láti fi parí ìjíròrò. Àwọn nǹkan kan gbówó lórí lóòótọ́. Ilé ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ nínú ọgbà gbówó lórí, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ òṣìṣẹ́, tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ yọwọ́ nínú rẹ̀ tí SSANU, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbà yunifásítì, fi gbé e lọ sílé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, tí wọ́n sì jàre ní 2016. A sábà máa ń ka irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sí àǹfààní tí wọ́n fi ń tu òṣìṣẹ́ lójú. Ó yẹ kí a kà á mọ́ yàrá ìwádìí, nítorí pé olùkọ́ tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ọgbà kan náà kò ní fi agogo kan ọ̀sán ṣòfò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ṣùgbọ́n kíkà kò gbówó lórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, olórí ẹ̀ka lè kọ ọ́ sí ojú ìwé kan ṣoṣo: olùkọ́ wo ló ní kọ́ọ̀sì mélòó, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń bójú tó, ìgbìmọ̀ mélòó ló wà nínú rẹ̀, ta ló lọ ìsinmi tí ta sì gba iṣẹ́ rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìgbéga lè ní àlàfo kan tí wọn yóò ti yọ oṣù ìsinmi kúrò nínú ọdún mẹ́ta náà kí wọ́n tó ka ìwé. Ìpàdé ẹ̀ka lè má kọjá agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ìgbìmọ̀ ìgbàlejò lè máa yí ká bí àjọ, kí ó kan ọkùnrin náà. Wọn yóò ní àwọn olórí ẹ̀ka kan yóò kọ irọ́ sójú ìwé náà. Ó ṣeé ṣe. Nítorí náà, kí wọ́n má tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì ní ọ́fíìsì gíwá. Ara ògiri ẹ̀ka ni kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, níbi tí àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ yóò ti kà á kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹni tí ó bá ní àríwísí yóò sì lè sọ ọ́ ní ìpàdé ẹ̀ka àkọ́kọ́.